Ilé mọ́tò aláṣọ l'Amẹ́ríkà: Yìnyín ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, atẹ́gùn ń gbé e lọ!

Bí ọmọ ẹni bá wà l'Amẹ́ríkà, tó ya fọ́tò níwájú jíìpù tó ń dán gbinrin, tó fi ránṣẹ́ sílé, ariwo ńlá ló máa ń dá sílẹ̀ ládùúgbò. Ìyá ẹ̀ á gbé fóònù lọ sọ́jà, á máa fi han àwọn tí wọ́n jọ ń tajà, "Ẹ wá wo mọ́tò ọmọ mi o." Kò sẹ́ni tó máa bi í pé níbo ni mọ́tò náà ń sùn bí yìnyín bá ń já bọ́. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ṣé ẹ rí i, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó wà ní Chicago, Minneapolis, Buffalo, Boston àtàwọn ìlú mìíràn tí òtútù ti ń mú bí ẹni máa pààyàn, ilé tí wọ́n ń gbé kò ní gàráàjì. Gàráàjì tí à ń wí yìí kì í ṣe irú ti Ọjọ́ta tàbí Ìwó Road tí àwọn agbèrò ti ń pariwo o, yàrá tí wọ́n kọ́ mọ́ ara ilé kí mọ́tò lè máa sùn síbẹ̀ ni. Àwọn tí ilé tiwọn tiẹ̀ ní in, ẹ lọ ṣílẹ̀kùn ẹ̀ wò. Dúróòmù ike tí wọ́n kó aṣọ àti ọṣẹ sí, fíríìsà àlòkù, táyà, bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, tí wọ́n ń dúró dìgbà tí owó kọ̀ǹténà máa pé. Mọ́tò wá di ẹni tó ń sùn síta.

Ẹni tí kò bá débẹ̀ rí lè sọ pé kí ló burú nínú kí mọ́tò sùn síta. Ó burú o. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ wà lọ́sibítù ní aago méje àárọ̀, aago márùn-ún ló ti máa wà níta tá á máa fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lórí mọ́tò, tá á máa fi ike ha omi dídì lójú gíláàsì, tí ìka ọwọ́ ẹ̀ á sì ti kú tipiri kí kọ́kọ́rọ́ tó wọ ihò ilẹ̀kùn. Ti awakọ̀ tó ń fi mọ́tò jẹun tún burú ju ìyẹn lọ, torí wákàtí tó bá fi ń wa yìnyín, owó ló ń bọ́ sọnù. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ra Camry tàbí Corolla àlòkù ní ọjà gbàǹjo, tí wọ́n fẹ́ fi í ránṣẹ́ s'Ékòó kó lọ di Tòkunbọ̀. Owó tí wọ́n ti ń tu jọ láti ọjọ́ pípẹ́ ló wà lára ẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí ẹ̀ka igi tí yìnyín ṣẹ́ wó lé e lórí kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra ilé mọ́tò aláṣọ. Inú páálí ló ń wà ní ṣọ́ọ̀bù. Páìpù irin tín-ín-rín tí wọ́n ń ki bọ inú ara wọn ni, wọ́n á tò ó bí egungun ìhà, wọ́n á wá da tápólì bò ó látòkè délẹ̀, síìpù sì wà níwájú tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20. Ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan ni wọ́n ń tà á, nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni gàráàjì gidi máa ń jẹ kó tó parí. Tọkọtaya lè tò ó tán láàárín òwúrọ̀ Sátidé sí ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tún wẹ̀, kí wọ́n sì lọ sí pátì tí wọ́n pè wọ́n sí lálẹ́. Ní Quebec lórílẹ̀-èdè Kánádà, bí òtútù bá ti ń sún mọ́lé báyìí, iwájú ilé lọ́tùn-ún lósì ni ẹ máa rí i tí wọ́n ń tò ó sí. Abri Tempo lorúkọ tí àwọn ń pè é.

Ká má parọ́, kánópì òde ìnáwó tí wọ́n ran ògiri mọ́ ni. Ohun tó sì ń ṣe kánópì náà ló ń ṣe òun náà. Àwọn tó ṣe é sọ ọ́ fúnra wọn nínú ìwé kékeré tí wọ́n fi sínú páálí, pé ìbòrí ìgbà díẹ̀ ni, pé kí ẹni tó rà á máa tètè gbọn yìnyín kúrò lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìwé inú páálí? Páìpù lọ́wọ́, fóònù létí, wọ́n ti tò ó tán.

Ìgbà tí wíńtà bá wá dé ni ojú máa ń já a. Ọ̀tá méjì ló ń bá ilé aláṣọ jà, ọ̀nà tí kálukú wọn sì ń gbà wọlé kò jọra. Yìnyín ń tì í mọ́lẹ̀, atẹ́gùn ń gbé e sókè. Ẹni tó bá de ilé náà mọ́lẹ̀ gírígírí nítorí atẹ́gùn nìkan, yìnyín á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ síbi tó dè é sí. Ẹni tó bá sì ti pákó bọ̀ ọ́ nínú nítorí yìnyín nìkan, atẹ́gùn á gbé tòun ti pákó lọ sí ọgbà aládùúgbò. Méjèèjì lèèyàn gbọ́dọ̀ múra dè.

Ti atẹ́gùn kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé. Ta ni kò tíì rí i kí òjò àkọ́rọ̀ ká òde ìnáwó mọ́ àdúgbò, kí géńdé mẹ́rin dìrọ̀ mọ́ òpó kánópì, kí atẹ́gùn sì tún máa gbé àwọn àti òpó kúrò nílẹ̀, kí ìyá ìyàwó máa pariwo pé ìrẹsì òun dà? Ìṣirò ẹ̀ rèé. Atẹ́gùn tó ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan lè fa òrùlé ilé mọ́tò kékeré yẹn sókè pẹ̀lú agbára tó tó kílò 900. Àpò sìmẹ́ǹtì 18 nìyẹn. Ilé náà fúnra ẹ̀, páìpù àti tápólì pa pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì sí mẹ́ta lọ.

Ti yìnyín gan-an ló yẹ ká ṣàlàyé, torí inú fíìmù lọ̀pọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ó ń rọra já bọ́ bí òwú, ọmọdé ń fi í ju ara wọn. Ẹ jẹ́ ká tún fi àpò sìmẹ́ǹtì ṣírò ẹ̀ ká lè jọ gbọ́ra wa yé. Bí yìnyín gbígbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 lórí ilé mọ́tò yẹn, èyí tí kò ju orí eékún géńdé lọ, ìwọ̀n ẹ̀ tó nǹkan bíi kílò 550. Ìyẹn ni pé wọ́n to àpò sìmẹ́ǹtì 11 sórí tápólì. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ sí i, tàbí tí oòrùn yọ díẹ̀ tó wá rin, tó sì ki, yìnyín tó ga bákan náà lè di kílò 1,600, àpò sìmẹ́ǹtì méjìlélọ́gbọ̀n! Corolla odindi kan kò tẹ̀wọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Bó bá sì wá dì di yìnyín líle, íǹṣì kan péré lórí òrùlé yẹn ju kílò 400 lọ. Ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n, torí ti gbígbẹ ti tútù, funfun kan náà ni wọ́n.

Ẹni tó bá sì rò pé ti kékeré nìkan ló ń wó, kó bi àwọn ará Minneapolis léèrè ọ̀rọ̀ Metrodome. Pápá ìṣeré ńlá ni, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Vikings ti ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Aṣọ ni òrùlé ẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi òwú gíláàsì hun tí wọ́n sì fi Teflon kùn, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fẹ́ sínú ẹ̀ ló sì gbé e dúró. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2010, yìnyín tó ga tó íǹṣì 17 já bọ́ nílùú náà. Atẹ́gùn le débi pé àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń gun òkè lọ kó yìnyín kúrò kò lè dúró níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ kejìlá oṣù náà, aṣọ ya, yìnyín sì rọ́ wọ inú pápá bí ìgbà tí típà bá da yanrìn sílẹ̀. Ìdíje tó yẹ kó wáyé lọ́jọ́ náà, Detroit ni wọ́n sáré gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọdún 2014 ni wọ́n wó pápá náà, wọ́n kọ́ òmíràn síbẹ̀. Bí iṣẹ́ ẹnjiníà ńlá bá lè ya báyẹn, kí wá ni ti tápólì inú páálí?

Ní Boston, yìnyín tó já láàárín wíńtà ọdún 2014 sí 2015 lé ní íǹṣì 110, òrùlé sì ń wó káàkiri ìpínlẹ̀ Massachusetts lóṣù Kejì ọdún 2015, òrùlé ilé gidi o. Ní Orchard Park tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Buffalo, yìnyín tó ga tó íǹṣì 80 ló bọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan lóṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ìyẹn ga ju èèyàn lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjì yìnyín mìíràn tún jà ní Buffalo lásìkò ọdún Kérésì, ó sì ju ogójì èèyàn lọ tó bá a lọ.

Àtúnṣe wo ló wá wà? Ó wà, kò sì ju ohun tí káfíńtà àti wẹ́dà mọ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìṣó ilẹ̀ tó ń wà nínú páálí, ohun ìṣeré ni. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni irin gígùn tí ẹnu ẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n fi ń yọ kọ́ọ̀kì lẹ́nu ìgò wáìnì, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀, tí wọ́n máa ń yí wọlẹ̀ bí ẹni ń yí sìkúrúù. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀, kì í ṣe igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ yí i wọlẹ̀ kó tó di pé ilẹ̀ dì, ìyẹn ni pé kí oṣù Kẹwàá má tíì parí, torí tó bá fi di oṣù Kejìlá ní Minneapolis, ilẹ̀ á ti le bí àpáta, ẹni tó bá ń yí irin nígbà náà, ọwọ́ ẹ̀ ló máa bó. Níbi tí wọ́n bá ti da kọ́ńkéré, wọ́n á fi ẹ̀rọ lu ihò, wọ́n á ki bóòtù tó ń wú nínú ihò bọ̀ ọ́. Níbi tí kò bá ti sí ààyè àtilu ilẹ̀, bíi ti ẹni tó háyà ilé tí lándílọ́ọ̀dù ò sì fẹ́ ìyọnu, wọ́n lè so ẹsẹ̀ náà mọ́ dúróòmù ńlá. Ṣùgbọ́n yanrìn ni kí wọ́n rọ sínú ẹ̀. Omi á dì, á wú, á sì bẹ́ dúróòmù.

Òtútù tún ní ọgbọ́n burúkú kan. Bí ilẹ̀ bá ti ń dì tó tún ń yọ́, ṣe ló máa ń ti ohun tí wọ́n rì mọ́ ọn sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tu eyín. Irin tó mọ́lẹ̀ dáadáa lóṣù Kẹwàá lè ti yọ orí lóṣù Kejì. Ẹni tó bá gbọ́n á máa fọwọ́ mì í wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ara irin ni kí okùn tí wọ́n fi dè é wà, kì í ṣe ara aṣọ. Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ rèé. Wọ́n á so okùn mọ́ ojú ihò tó wà létí tápólì, wọ́n á ní àwọn ti dè é. Tí atẹ́gùn bá dé, ojú ihò á ya, tápólì á máa lu ara ẹ̀ pàpàpà bí àsíá, irin tí kò sí ohun tó dì í mú á sì tẹ̀ lé e. Wáyà irin tàbí bẹ́líìtì tí àwọn onítírélà fi ń de ẹrù ló yẹ kó mú irin òrùlé mọ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó da aṣọ bò ó rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìsopọ̀. Páìpù tí wọ́n kàn ki bọ inú ara wọn, atẹ́gùn á máa mì ín lálaalẹ́ títí ọ̀kan á fi yọ lára èkejì. Sìkúrúù kan ní ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ti parí ìyẹn. Kí orí ẹ̀ kọjú sínú, kí wọ́n sì fi awẹ́ tíúbù táyà àtijọ́ wé ibi gbogbo tí irin bá ti kan aṣọ, torí ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ ni yíya ń gbà bẹ̀rẹ̀. Igun gbogbo sì gbọ́dọ̀ ní páìpù tó dábùú. Ẹ wo tábìlì tó bá ń fì sọ́tùn-ún sósì, ohun tí káfíńtà máa kọ́kọ́ ṣe ni kó kan pákó dábùú ẹsẹ̀ ẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni.

Òkè ló kù. Wọ́n á gba pákó tú-báì-fọ́ọ̀ tí àwọn káfíńtà wa náà ń lò, wọ́n á gbé e gba abẹ́ ìgẹ̀rẹ̀ òrùlé láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n á fi òpó pákó gbé e dúró níwájú, lẹ́yìn, àti láàárín. Ti àárín yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé, torí pé ọ̀nà mọ́tò ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń jẹ́ kó ṣeé yọ. Mọ́tò á kọ́kọ́ wọlé, òpó á wá wọlé tẹ̀ lé e, á sì dúró lórí awẹ́ pákó kan kó má baà rì. Wọ́n tún lè ra egungun ìhà sí i láti fi sáàárín èyí tó wà tẹ́lẹ̀, kí àlàfo tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin márùn-ún di méjì méjì àbọ̀. Páìpù tó gùn gbọọrọ láti iwájú dé ẹ̀yìn ní agbedeméjì òrùlé lọ́tùn-ún àti lósì tún ṣe pàtàkì, torí pé láàárín egungun méjì ni tápólì ti máa ń rọ̀ tó máa ń di àpò. Àpò yẹn ni ikú ilé aláṣọ. Yìnyín á dúró sínú ẹ̀, á yọ́ di omi lọ́sàn-án, á dì lóru, àpò á tún rọ̀ sí i, èyí tó bá tún bọ́ á tún lọ jókòó síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta ti rọ̀ síbì kan ṣoṣo.

Nítorí náà, tápólì gbọ́dọ̀ le bí awọ ìlù. Ọjọ́ tí wọ́n dè é tó le yẹn, kò lè wà bẹ́ẹ̀ títí, á rọ̀, wọ́n á sì tún un fà. Kí gbogbo etí ìsàlẹ̀ sì ní àpò yanrìn lórí, kí síìpù iwájú wà ní títì pa. Ilé aláṣọ tó bá lanu sílẹ̀ de atẹ́gùn ti di báálúù. Atẹ́gùn á wọ inú ẹ̀, á máa ti òrùlé látinú nígbà tí èyí tó wà lókè ń fà á, ìwọ̀n tá a ṣírò lẹ́ẹ̀kan á sì tún lé sí i. Ẹ̀yìn ló yẹ kó kọ sí ibi tí atẹ́gùn wíńtà ti ń wá. Kò sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ igi tàbí lábẹ́ etí òrùlé ilé alájà, torí bí yìnyín òkè bá yọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí pákó tó máa gbà á.

Oòrùn náà ń bá tápólì jà láìsọ̀rọ̀. Èyí tí oòrùn ti pa fún ọdún méjì mẹ́ta, tó ti ń hó èépá funfun, tó ń dún pẹẹrẹpẹ bí ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó ni ín má ṣe tan ara ẹ̀. Kó ra òmíràn.

Gbogbo ohun tá a kà sílẹ̀ yìí, kò sọ ilé aláṣọ di ilé. Ó yẹ kí èyí yé àwọn tó bá ń fi pákó kún pákó. Páìpù yẹn tín-ín-rín, ó ní ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò Buffalo tí yìnyín lè ga ju èèyàn lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, owó tó fẹ́ fi ra pákó àti wáyà yẹn, kó kúkú fi kún tọwọ́ ẹ̀, kó ra èyí tí páìpù ẹ̀ nípọn tí àwọn tó ṣe é sì kọ ìwọ̀n yìnyín tó lè gbé sára ẹ̀. Ìnáwó ẹ̀ẹ̀kan ni.

Ohun tó ju irin àti pákó lọ ni ìgbálẹ̀. Àní ìgbálẹ̀! Yìnyín tí wọ́n bá gbọ̀n kúrò nígbà tó ṣì ga ní íǹṣì méjì mẹ́ta kò lè wó ohunkóhun. Ìgbálẹ̀ olópòó gígùn ni wọ́n ń fi aṣọ wé lórí, wọ́n á dúró sínú, wọ́n á máa fi ti tápólì sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yìnyín á máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ju okùn tó nípọn sórí òrùlé látìta, kí ọkọ dúró lápá ọ̀tún, kí ìyàwó dúró lápá òsì, kí wọ́n máa fa okùn náà síwá sẹ́yìn bí àwọn tó ń fi ayùn ńlá la gẹdú. Ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀ ni o. Ẹni tó bá gbọn apá kan tán kó tó kan èkejì, apá tó wúwo á fa ilé náà ṣubú. Ṣọ́bìrì irin ò gbọdọ̀ kan tápólì. Omi gbígbóná ńkọ́? Ká má rí i. Á dì kó tó ṣàn dé ìsàlẹ̀, wọ́n á sì ti fi ọwọ́ ara wọn dá kún ẹrù òkè.

Èyí tó bọ́ sílẹ̀ náà kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Bó bá ti ń ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, á máa ti ògiri aṣọ sínú, kò sì ní sí ibi tí ti òkè máa yọ̀ bọ́ sí mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣọ́bìrì kó o jìnnà.

Iṣẹ́ yìí kò mọ òru. Yìnyín tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́ lè ti dé orí eékún kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà ẹni tó bá gbọ́ ìkìlọ̀ lórí rédíò á dìde ní aago mẹ́ta òru, á wọ bàtà, á wọ ẹ̀wù méjì léra, á mú ìgbálẹ̀. Aago mẹ́ta òru ní Chicago, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni l'Ékòó, ìgbà yẹn gan-an ni ìyá máa ń pe ọmọ. "Màmá, ẹ káàárọ̀ o, ìta ni mo wà, yìnyín ni mò ń gbọ̀n." "Ní ibi tó o wà yẹn náà, o ò lè gba ọmọ iṣẹ́ kan kó máa bá ẹ ṣe é?" Kí lọmọ máa sọ? Á rẹ́rìn-ín, á ní òun máa pe màmá padà.

Ẹ̀mí ló wá kàn báyìí, kò sì sí àwàdà níbẹ̀. Bí ẹni tó ni ilé bá jí láàárọ̀ tó rí i pé òrùlé ti tẹ̀ kọdọrọ, tí páìpù ti ń ká, kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ẹ̀ lọ láti lọ yọ mọ́tò. Ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì ọgbọ̀n kì í kìlọ̀ kó tó já. Ìta ni kó dúró sí tá á máa fi okùn fa èyí tó bá lè fà, èyí tí kò bá ṣeé fà, kó fi sílẹ̀. Íńṣọ́ránsì mọ́tò tó kún, èyí tó ju ti ẹni tí wọ́n bá gbá lọ, máa ń san owó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ l'Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn wa tó lọ gba èyí tó kéré jù torí kí wọ́n lè rówó fi ránṣẹ́ sílé, àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn jù. Síbẹ̀, Camry ṣeé rà padà.

Èkejì ni èéfín. Ní ilé níbí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbọ́ pé bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ sùn, wọn ò jí, torí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀? Gáàsì kan náà tí kò ní òórùn, tí ojú kò rí, ló ń jáde lẹ́yìn mọ́tò. Bí wọ́n bá tan mọ́tò nínú ilé aláṣọ tí síìpù ẹ̀ wà ní títì, tí yìnyín ti dí gbogbo etí ìsàlẹ̀, kó kàn lè gbóná díẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó jókòó sínú ẹ̀, ìtàn kan náà ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ wà á jáde ná. Wọn ò sì gbọdọ̀ gbé sítóòfù eléèédú tàbí onígáàsì síbẹ̀ láti fi yọ́ yìnyín òkè. Tápólì ń jó kíákíá, táǹkì bẹntiróòlù sì wà nísàlẹ̀.

Kó tó ra ohunkóhun, ẹni tó bá fẹ́ tò ó gbọ́dọ̀ bi lándílọ́ọ̀dù, kó sì bi káńsù ìlú rẹ̀, torí òfin ìlú kan kì í ṣe ti èkejì. Àwọn kan kò fẹ́ rí i rárá níwájú ilé, àwọn mìíràn ní kí wọ́n gba ìwé àṣẹ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Quebec, ọjọ́ ti wà nílẹ̀ tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, láàárín oṣù Kẹwàá ni, ọjọ́ sì wà nínú oṣù Kẹrin tí ó gbọ́dọ̀ ti kúrò. Ẹni tó bá kọjá ọjọ́ náà lè san owó ìtanràn.

Bí oṣù Kẹrin bá dé, kí wọ́n tú tápólì náà kúrò, kódà bí kò bá sí òfin tó ní kí wọ́n tú u. Oòrùn oṣù mẹ́fà tó ń bọ̀ á bà á jẹ́ ju wíńtà tó kọjá lọ. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó ká a, kí ó má baà bu. Irin lè dúró síta. Bí wọ́n bá tún fẹ́ tò ó lóṣù Kẹwàá, ìṣó ilẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ mì wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ejèèjì, kí wọ́n tó tú aṣọ kúrò nínú páálí.